Ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ń ní kí ẹni tó sin aláìsàn wá dúró síta

Bí ènìyàn bá sin aláìsàn dé ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì wá ní kí ó dákun dúró síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, inú onítọ̀hún kì í sábà dùn. Ẹlòmíràn á rò pé wọ́n fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún òun, ẹlòmíràn á sì rò pé wọn kò ka òun sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí rẹ̀ kò ju pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti dá sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kì í sábà sọ jáde: lára àwọn tí ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn wọlé ni àwọn kan wà tí ẹlòmíràn ti sọ di ọjà, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó mú wọn wá gan-an ló dúró bí olówó ẹrú lé wọn lórí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ilẹ̀kùn yàrá fi máa wà ní títì yẹn lè jẹ́ àkókò kan ṣoṣo, láàárín oṣù mélòó kan, tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi wà lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ara àwọn tó ń fi í ṣòwò. Ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera lè fi ìṣẹ́jú náà ṣe, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ fi í ṣe, ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, nítorí wọ́n gbà pé iṣẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni láti tú àṣírí ọ̀daràn, kí ó sì já ẹni náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí a tó wọ yàrá dókítà, ó yẹ kí a mọ ohun tí òfin ń pè ní fífi ènìyàn ṣòwò. Àdéhùn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbé òfin tiwọn kà ni èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣe ní ọdún 2000, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Àdéhùn Palermo, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọdún 2003. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé, bí ààrò mẹ́ta tí ìkòkò ń jókòó lé. Èkíní ni ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n wá ẹni náà kàn, wọ́n gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn, wọ́n fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tàbí wọ́n gbà á sílé. Èkejì ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é: ipá, ìhàlẹ̀, ìjínigbé, ẹ̀tàn, jìbìtì, ṣíṣi agbára lò, fífi ìṣòro ẹni náà mú un, tàbí kí wọ́n fún ẹni tó láṣẹ lórí rẹ̀ lówó kí ó lè yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe: òwò nàbì, iṣẹ́ àfipáṣe, oko ẹrú, tàbí kí wọ́n yọ ẹ̀yà ara rẹ̀. Bí ẹni náà kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, a kò nílò ààrò kejì mọ́. Bí wọ́n bá ti gba ọmọdé fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ti pé, ìbáà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò na ọmọ náà, tí wọn kò sì tàn án.

Láti ara ààrò mẹ́ta yìí ni a ti lè rí ibi tí àṣìgbọ́ pọ̀ sí jù. Kò pọn dandan kí ẹni náà kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè kankan. Wọ́n lè fi ènìyàn ṣòwò ní àdúgbò tí wọ́n bí i sí, nínú ilé tí ó ti ń sùn láti kékeré. Kò pọn dandan kí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà, ìyẹn kò wẹ ẹni tó fi í ṣòwò mọ́, nítorí ohun tí wọ́n fi ẹ̀tàn tàbí ìhàlẹ̀ gbà lẹ́nu ènìyàn kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Àwọn ènìyàn tún máa ń pa á pọ̀ mọ́ fàyàwọ́, ìyẹn kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọ orílẹ̀-èdè kan láìní ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì gbé e kọjá. Òfin ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tó sanwó fàyàwọ́ ń bá tirẹ̀ lọ bí wọ́n bá ti kọjá ẹnubodè tán; ẹni tí wọ́n fi ṣòwò kò ní ibi tí yóò lọ, ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà takókó ni pé fàyàwọ́ lè di òwò ẹrú lójú ọ̀nà, nígbà tí ẹni tó ń kó wọn lọ bá yí ohùn padà pé owó ọkọ̀ ti lé sí i, àti pé iṣẹ́ ni wọn yóò fi san án.

Bí a bá sì dárúkọ òwò yìí, nàbì ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń lọ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà kò yàtọ̀, àṣìṣe ńlá sì ni. Ìṣirò tí ILO, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, àti àwọn alájọṣe rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé ní ọjọ́ èyíkéyìí nínú ọdún 2021, nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 27.6 ló wà nínú iṣẹ́ àfipáṣe. Mílíọ̀nù 6.3 nínú wọn ni wọ́n ń fi ṣe òwò ìbálòpọ̀. Mílíọ̀nù 17.3 wà lábẹ́ àwọn aládàáni nínú iṣẹ́ mìíràn: oko, ilé kíkọ́, ọkọ̀ ojú omi apẹja, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, àti iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé onílé. Ìjọba ló fi ipá kó àwọn tó kù ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ àfipáṣe àti fífi ènìyàn ṣòwò kì í ṣe ohun kan náà délẹ̀délẹ̀ lójú òfin, ṣùgbọ́n wọ́n wọnú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí iye yìí fi lè tọ́ wa sọ́nà. Dókítà tí ó ń wá ọ̀dọ́mọbìnrin tó kun àtíkè nìkan kò ní rí ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tó já bọ́ láti orí pẹpẹ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò san owó iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Ìbéèrè tó kàn ni bóyá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ ń dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ń dé ibẹ̀, ju bí a ti rò lọ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014, wọ́n bi àwọn obìnrin tó ti bọ́ nínú òwò nàbì àfipáṣe léèrè ohun tí ojú wọn rí. Nǹkan bí 88 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó dáhùn ìbéèrè yẹn ló sọ pé àwọn ti fojú kan òṣìṣẹ́ ìlera nígbà tí àwọn ṣì wà nínú ìdè, èyí tó ju ìdajì wọn lọ sì dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì. Mi ò ní kí a fi iye yìí díwọ̀n gbogbo ayé, nítorí obìnrin àti ọmọbìnrin nìkan ni ìwádìí náà kàn, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo sì ni. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé ibi tí dókítà àti nọ́ọ̀sì wà kò ṣàjèjì sí wọn. Wọ́n wọlé, wọ́n gba oògùn, wọ́n sì jáde.

Ìdí tí ẹni tó ni wọ́n fi ń gbà kí wọ́n wá kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kò lè pa owó wọlé. Nítorí náà, wọ́n á dúró títí àìsàn yóò fi dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá, èyí ni kì í sì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tó yẹ kó jẹ́ kékeré kéré mọ́ nígbà tí dókítà bá rí i. Ohun tí wọ́n ń gbé wá pọ̀: egungun tó ṣẹ́ tí ó sì ti jinná ní wíwọ́, iná tàbí kẹ́míkà tó bó ọwọ́, ẹ̀yìn dídùn lára ẹni tí kò yẹ kó tíì máa pariwo ẹ̀yìn, ikọ́ ife láti inú yàrá tí ènìyàn mẹ́wàá ń sùn sí, àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n tọ́jú tán tí ó tún padà, oyún tí ẹnikẹ́ni kò mójú tó títí ó fi pé oṣù méje, eyín tó ti jẹrà dé ìdí. Òmíràn tún wà tí kò hàn sójú: orí fífọ́ àti inú rírun tí àyẹ̀wò kò rí ìdí rẹ̀, àìróorunsùn, kí ènìyàn ta gìrì bí ẹnì kan bá ṣílẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni òwe àwọn àgbà ti wúlò fún oníṣègùn, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó kù kí a béèrè pé, bí wọ́n bá ti dé iwájú dókítà, kí ló dé tí wọn kì í lanu sọ̀rọ̀? Ìbéèrè yìí ni mo rò pé ó yẹ kí a fara balẹ̀ lórí rẹ̀ jù, nítorí ẹni tí kò bá lóye rẹ̀ yóò máa bínú sí ẹni tí ìyà ń jẹ. Àkọ́kọ́ ni gbèsè. Ìwọ̀fà ìgbàanì mọ iye tí òun jẹ, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá san án tán ni òun bọ́; ẹni tí wọ́n ń fi ṣòwò lónìí kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì, nítorí wọ́n ń ṣírò yàrá tó ń sùn, aṣọ tó wọ̀ àti oògùn tí wọ́n rà fún un mọ́ ọn lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìhàlẹ̀, tí kì í sì í ṣe sí òun nìkan: wọ́n mọ ilé ìyá rẹ̀, wọ́n sì mọ ilé ìwé tí àbúrò rẹ̀ ń lọ. Bí ó bá wà ní ilẹ̀ àjèjì láìní ìwé, wọ́n á ti sọ fún un pé bí ó bá sọ̀rọ̀, òun ni ọlọ́pàá máa mú, kì í ṣe àwọn. Ní ibòmíràn, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹni tí aláṣẹ kan ti dà rí kò ní yà sọ́tùn-ún sósì kó tó ka dókítà náà mọ́ àwọn aláṣẹ. Ìtìjú tún ń bẹ níbẹ̀, pàápàá fún ọkùnrin tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé wọ́n tan òun bí ọmọdé.

Èyí tó ṣòroó gbọ́ létí jù lọ ni pé ẹni náà lè fẹ́ràn ẹni tó ń fi í ṣòwò. Ó lè jẹ́ pé onítọ̀hún ni ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tàbí ẹni kan ṣoṣo tó fún un ní oúnjẹ nígbà tí gbogbo ayé kọ̀ ọ́. Ọwọ́ kan náà ló ń nà án, tó sì ń ra oògùn fún un. Ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ní orúkọ. Bí o bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń fi yín ṣòwò, wọ́n á ní rárá, wọn kò sì purọ́.

Nítorí pé ẹnu dákẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera láti wo àwọn àmì. Ẹni tó tẹ̀lé aláìsàn kò jẹ́ kí ó fèsì fúnra rẹ̀. Káàdì, fóònù àti ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà nínú àpò ẹlòmíràn. Kò mọ orúkọ òpópónà tí ó ń gbé. Ìtàn tó sọ fún nọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí èyí tó sọ fún dókítà, tàbí kí ó máa sọ ọ́ bí ẹni tó kọ́ ọ sórí. Ọgbẹ́ náà kò bá ìtàn rẹ̀ mu. Wọ́n ń kánjú láti lọ kí ìtọ́jú tó parí. Nígbà mìíràn, wọ́n á rí orúkọ tàbí àmì kan tí wọ́n fín sí i lára, tí òun alára kò fẹ́ ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú àmì wọ̀nyí tó dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Ìyá tó ń fèsì fún ọmọ rẹ̀ tó ń tijú, ọkọ tó mọ èdè tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́, akúṣẹ̀ẹ́ tó pẹ́ wá nítorí pé kò lówó, gbogbo wọn ló lè ní méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá ń fi àwọ̀ ara tàbí ohùn àjèjì mọ ẹni tí wọ́n ń fi ṣòwò yóò dójú ti aláìmọwọ́mẹsẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ tí ìyà ń jẹ kọjá lọ níwájú rẹ̀. Àmì kò wà fún ìdájọ́. Ó wà kí ènìyàn lè mọ ìgbà tó yẹ kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo bí ó ṣe lè rí. Obìnrin kan wọlé, òróró gbígbóná ti bó o lọ́wọ́ òsì, wọ́n fi àkísà wé e, àkísà náà sì ti lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́. Ọkùnrin kan ló gbé báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ. Obìnrin náà kọ́kọ́ wo bàtà ọkùnrin yìí, ọkùnrin náà ló sì dáhùn. Nọ́ọ̀sì béèrè ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin ní àná ni. Etí ọgbẹ́ náà ti ń ṣe ìyeyè, ó sì ti ń rùn. Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn.

“Ẹ dákun, sà, ẹ bá wa dúró síta. Aláìsàn nìkan ló máa ń wọ yàrá tí a ti ń wẹ ọgbẹ́.”

“Kò gbọ́ èdè yín o. Èmi ni mo máa bá a sọ ọ́.”

“Kò burú, sà. A ní ògbufọ̀ lórí fóònù.”

Nínú yàrá, nọ́ọ̀sì jókòó sórí àga tó rẹlẹ̀ ju ti obìnrin náà lọ. Ó da omi oníyọ̀ sí àkísà náà díẹ̀díẹ̀ kí ó lè rọ̀, ó sì ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe kí ó tó fọwọ́ kàn án. Kí ó tó béèrè ohunkóhun, ó jẹ́ kí ògbufọ̀ ṣàlàyé pé ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kò ní jáde, àfi bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu tàbí bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọdé. Ó wá ní àwọn kan máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ara wọn, nítorí náà gbogbo aláìsàn ni òun ń bi ní ìbéèrè yìí. Ibo ni ẹ ń sùn? Ta ni páásípọ́ọ̀tù yín wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́la, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Obìnrin náà dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Ṣé wọ́n ń gbọ́ wa níta?” Nọ́ọ̀sì ní wọn kò gbọ́. Ó tún dákẹ́, ó wá ní, “Kò sí nǹkan kan, mà.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Ó dáa.” Ó wé ọgbẹ́ náà, ó sì kọ ọjọ́ tí yóò padà wá sínú káàdì. Nígbà tó jáde, ó sọ fún ọkùnrin náà, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí gan-an, pé bí wọn kò bá tún ọgbẹ́ yìí wẹ̀ ní ọ̀tunla, ọwọ́ náà lè má ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹlòmíràn yóò ka ìtàn yìí tán, yóò ní nọ́ọ̀sì náà kùnà. Mo rò pé kò lè ṣe é dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti gba ìjẹ́wọ́. Obìnrin náà ti mọ nǹkan mẹ́ta tí kò mọ̀ nígbà tó ń wọlé: pé yàrá kan wà tí ọkùnrin yẹn kò lè wọ̀, pé ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀ òun láì bínú, àti pé òun ní ìdí láti padà wá tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ̀rọ̀ jáde kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá fi agbára fà á lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí ó má padà mọ́, ìyà tó sì máa jẹ ẹ́ nílé lè ju ti iná lọ. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé nọ́ọ̀sì kò purọ́ fún ọkùnrin náà. Ìdí nìyí tí òfin pé aláìsàn nìkan ló ń wọlé fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ní ilé ìwòsàn náà. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n fura sí nìkan ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀, ẹni tó mú un wá á ti mọ̀ pé wọ́n ti fura. Ti ògbufọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tó tẹ̀lé aláìsàn kò gbọ́dọ̀ ṣe é, ọmọ aláìsàn kò gbọ́dọ̀ ṣe é, kódà aládùúgbò tó gbọ́ èdè náà lè jẹ́ ojúlùmọ̀ àwọn tó ni ín.

Bí aláìsàn bá wá sọ ọ́ jáde ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé, òun ló ni ìpinnu. Òṣìṣẹ́ ìlera yóò sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún un: ilé ààbò, agbẹjọ́rò, òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn, ọlọ́pàá bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó kàn gba ìtọ́jú kí ó sì padà síbi tó ti wá. Ó máa ń dun òṣìṣẹ́ láti rí i kí ẹni náà bá ọkùnrin yẹn jáde lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ló mọ ẹni tí wọ́n fi ṣe ìdógò nílé. Ẹni tí wọ́n ti gba ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kò yẹ kí dókítà tún gba èyí tó kù. Bí ó bá fẹ́ nọ́ńbà fóònù ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n bi í ibi tó lè fi í pamọ́ sí. Ìwé pélébé tí wọ́n bá bá nínú àpò rẹ̀ lè kó o sí wàhálà, nítorí náà àwọn kan máa ń kọ́ nọ́ńbà náà sórí, àwọn mìíràn á kọ ọ́ bí ẹni pé nọ́ńbà ilé oògùn ni. Kò sì sí ìgbà kankan tó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera kojú ẹni tó mú aláìsàn wá, tàbí kí ó ṣèlérí ààbò tí apá rẹ̀ kò ká.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin sọ ọ́ di dandan kí òṣìṣẹ́ ìlera tó bá fura pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ fi tó àwọn aláṣẹ létí, yálà ọmọ náà fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ó tọ́ kí wọ́n sọ èyí fún un kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀, kí ó má baà dà bí ọ̀dàlẹ̀ lójú rẹ̀.

Àyẹ̀wò ara náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí àwọn ẹlòmíràn ti ń lo ara rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n kò gbọ́dọ̀ tún bá irú rẹ̀ pàdé lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Dókítà á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, á dúró gbọ́ èsì, á sì dáwọ́ dúró bí aláìsàn bá ní ó tó. Bí ó bá fẹ́ dókítà obìnrin, kí wọ́n wá a fún un. Àyẹ̀wò abẹ́ tí kò pọn dandan lọ́jọ́ náà lè dúró. Gbígba ẹ̀rí fún ilé ẹjọ́ kò sì gbọ́dọ̀ wáyé láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀, nítorí ìtọ́jú lọ̀tọ̀, ẹjọ́ lọ̀tọ̀.

Àkọsílẹ̀ ni ibi tí òṣìṣẹ́ rere ti lè ṣe ibi láìmọ̀. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán ibi tí ọgbẹ́ wà, nítorí ó lè wúlò fún un ní ilé ẹjọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n fún aláìsàn nígbà tó ń lọ, ọwọ́ ẹni tó mú un wá ló máa bọ́ sí. Bí ilé ìwòsàn bá ń fi èsì ránṣẹ́ sórí fóònù, ta ló ni fóònù náà? Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni àmì àkọsílẹ̀ tó dá wà fún ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí àwọn oníṣègùn fi ń dúró fún àìsàn kọ̀ọ̀kan nínú ìwé, ó sì ń ran àwọn tó ń ka iye àwọn tí wọ́n fi ṣòwò lọ́wọ́. Síbẹ̀, àmì kan náà lè hàn nínú ìwé owó ìtọ́jú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Ilé ìwòsàn ló gbọ́dọ̀ pinnu ibi tí wọn yóò kọ ọ́ sí àti ẹni tó lè rí i, kì í ṣe nọ́ọ̀sì kan ní aago méjì òru.

Ìyẹn ló mú mi dórí ohun tí mo rò pé a kì í sọ tó. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan nípa àwọn àmì kò ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ bí kò bá mọ ẹni tó máa pè lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti sọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn tó múra sílẹ̀ ti bá ilé ààbò sọ̀rọ̀ ṣáájú, ó ti mọ agbẹjọ́rò tí kì í gbówó lọ́wọ́ aláìní, ó sì ní orúkọ ẹnì kan lórí ògiri yàrá àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lè pè ní òru. Ó mọ̀ pé ẹni tó bọ́ yóò nílò ìtọ́jú eyín, oògùn àjẹsára, ìtọ́jú àwọn àìsàn tó ti pẹ́ lára, àti ìtọ́jú ọkàn tó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ó sì mọ̀ pé òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù náà nílò ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀. Níbi tí kò bá sí gbogbo èyí, kí wọ́n má fi ẹ̀bi dídákẹ́ kan nọ́ọ̀sì.

Ní ti ẹni tó bá sin aláìsàn wá, ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jáde, ẹ jáde láì jiyàn, ẹ fún aláìsàn ní fóònù àti káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì jókòó síbi tí wọn yóò ti rí yín. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń fura sí ẹni tó mú ẹlòmíràn wá, ẹ má ṣe bá a sọ ohunkóhun. Ẹ rọra sọ fún nọ́ọ̀sì tó wà níbi tábìlì. Nínú yàrá, lẹ́yìn ìbéèrè díẹ̀ yẹn, wọn á bi aláìsàn bóyá ó fẹ́ kí ẹ wọlé. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn á pè yín.